Fínígà, bẹ́kìn sódà àti ilé tó mọ́: èwo ló ń ṣiṣẹ́, èwo ló ń jẹ owó wa lásán?

Ìbéèrè

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí o. Ó tó oṣù mẹ́fà báyìí tí mo ti sọ pé mi ò lo kẹ́míkà nínú ilé mi mọ́, torí ọmọ mi kékeré tó máa ń wúkọ́, àti torí wọ́n ní àwọn nǹkan yẹn ń ba omi àti ilẹ̀ jẹ́. Mo ra fínígà, mo ra bẹ́kìn sódà, mo ra òróró olóòórùn dídùn oríṣi mẹ́rin, mo ra ọṣẹ tí wọ́n kọ "àdánidá" sí lára, mo ra báàgì aṣọ mẹ́jọ, mo tún ra òdòdó inú ìkòkò mẹ́ta pé wọ́n máa ń fọ afẹ́fẹ́ ilé. Owó tí mò ń ná wá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ọkọ mi ti ń bínú, ọmọ ṣì ń wúkọ́, ilé ò sì mọ́ ju bó ṣe wà lọ. Ṣé nǹkan yìí wà fún àwa tí a ò lówó rẹpẹtẹ ṣá? Ibo ni mo ti ṣì í?

* * *

Ìdáhùn

Àbúrò mi, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ibi tó o ti ṣì í wà nínú ohun tó o kọ fúnra rẹ: mo ra, mo ra, mo ra. Mo kà á, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni. Kẹ́míkà tó o ń sá fún, òmíì lo fi owó rà dípò rẹ̀, torí kẹ́míkà ni fínígà náà, kódà kẹ́míkà ni omi.

Ilé tó dáa fún ara, tí kò ba ayé jẹ́, tí kò sì fa àpò ya, ìdínkù ni gbogbo iṣẹ́ ẹ̀. Dín oríṣi nǹkan tó ò ń lò kù, dín ìwọ̀n tó ò ń bù kù, dín ohun tó ń ṣòfò kù. Ọ̀pọ̀ nǹkan tí wọ́n ya ewé sára ìgò ẹ̀, ewé yíyà yẹn là ń sanwó fún.

Èmi o, nǹkan tí mo fi ń tọ́jú ilé ò ju márùn-ún lọ: omi, ọṣẹ, fínígà, bẹ́kìn sódà, àti bílíìṣì díẹ̀ tí mo gbé sókè níbi tọ́wọ́ ọmọdé ò tó. Mo mọ̀ pé bílíìṣì tí mo dárúkọ yẹn máa fa àríyànjiyàn, a máa débẹ̀.

* * *

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti fínígà àti bẹ́kìn sódà, torí òun ni gbogbo èèyàn ń sọ. Wọ́n á ní kéèyàn da méjèèjì pọ̀, á hó, á ru sókè, ojú á rí i pé iṣẹ́ ń lọ.

Ẹ gbọ́ o. Fínígà inú ìdáná, nǹkan bí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀ ni ásíìdì, omi ló pọ̀ jù níbẹ̀. Bẹ́kìn sódà, òdìkejì ásíìdì lòun. Tí wọ́n bá ti pàdé báyìí, ńṣe ni wọ́n ń pa agbára ara wọn. Hóhó tẹ́ ẹ̀ ń rí yẹn, carbon dioxide ló ń sá jáde, afẹ́fẹ́ kan náà tó wà nínú ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò, ohun tó ṣẹ́kù sílẹ̀ á wá di omi tí iyọ̀ díẹ̀ wà nínú ẹ̀. Ẹ ti ra nǹkan méjì, ẹ ti sọ ọ́ di omi oníyọ̀.

Mo ṣe é fún bí ọdún kan sí ihò omi ilé ìwẹ̀ mi, ihò ṣì ń dí. Ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ tí mo fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí mo tẹ orí ẹ̀ kọ́rọ́ fa irun àti ọṣẹ tó ti dì síbẹ̀ jáde, tí mo wá da omi gbígbóná tẹ̀ lé e, omi lọ gbuu. Látìgbà yẹn mo fi asẹ́ kékeré sí ẹnu ihò náà, mò ń yọ irun lójoojúmọ́, kò dí mọ́. Wáyà yẹn ò ná mi ní nǹkan kan.

Ẹ lò wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìgbà yẹn lẹ máa rí iṣẹ́ wọn. Ẹfun funfun tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ kẹ́tù àti ẹnu ẹ̀rọ omi, fínígà ló ń jẹ ẹ́. Ẹ da fínígà ìlàjì àti omi ìlàjì sínú kẹ́tù, ẹ gbé e kaná, ẹ fi í sílẹ̀ díẹ̀, ẹ dà á nù, ẹ ṣan án dáadáa. Ó tún dáa fún gíláàsì fèrèsé. Bẹ́kìn sódà dáa fún ìkòkò tó jó, torí ó le díẹ̀ bí iyanrìn kíkúnná àmọ́ kì í ha nǹkan tó bẹ́ẹ̀: ẹ bù ú sórí ibẹ̀, ẹ fi omi díẹ̀ pò ó, ẹ lọ sùn, àárọ̀ ọjọ́ kejì ẹ fi kànrìnkànrìn fọ̀ ọ́.

Ẹ má da fínígà sórí òkúta mábù o, ásíìdì inú ẹ̀ á jẹ ojú ẹ̀, dídán ẹ̀ ò sì ní padà.

* * *

"Ṣé fínígà ń pa kòkòrò àrùn?"

Ó ń pa díẹ̀, àwọn tó le ò ní í kú. Ẹ má gbọ́kàn lé e lórí pákó tẹ́ ẹ fi gé ẹran tútù, tàbí tẹ́nì kan bá ń bì tó sì ń ya ìgbẹ́ gbuuru nínú ilé.

* * *

Ó yá, bílíìṣì. Àwọn kan ní májèlé ni, kò yẹ kó wọ ilé ẹni tó ro ti ayé mọ́ tiẹ̀. Àwọn kan ní ilé tí kò bá ta òórùn bílíìṣì kò tíì mọ́. Mi ò sí lẹ́yìn ìkankan.

Ojoojúmọ́ kọ́ là ń lò ó. Ilẹ̀ ilé tí ọmọ ń rá lé lórí, omi àti ọṣẹ ló fẹ́. Ọṣẹ yẹn, ẹ má fojú kéré ẹ̀ o. Orí kan ara ẹ̀ fẹ́ràn omi, orí kejì fẹ́ràn ọ̀rá, ó máa di ọ̀rá àti ìdọ̀tí mú, omi á wá gbé gbogbo ẹ̀ lọ. Àwọn kòkòrò fáírọ́ọ̀sì tí ọ̀rá bò lára, ọṣẹ máa ń ya aṣọ ọ̀rá yẹn mọ́ wọn lára. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé ká fi ọṣẹ fọwọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 20, kì í ṣe àsọdùn rárá.

Ìgbà tí bílíìṣì wúlò ni ìgbà tí àìsàn bá wà nínú ilé. Kí ẹ tó lò ó, ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ibẹ̀, torí ìdọ̀tí máa ń gba agbára bílíìṣì, ẹni tó bá dà á sórí ẹ̀gbin ti dà á nù ni. Ẹ ka ara ìgò, torí bí wọ́n ṣe le síra yàtọ̀. Tí wọn ò bá kọ nǹkan kan síbẹ̀, ohun tí CDC, àjọ tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà, sọ ni ṣíbí tíì mẹ́rin sí omi tó tó lítà kan, kó wà lórí ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán kẹ́ ẹ tó nù ún. Èyí tẹ́ ẹ bá pò lónìí, tó bá ti di ọ̀la agbára ẹ̀ ti lọ, ẹ má tọ́jú ẹ̀. Ẹ wá wò ó: ṣíbí tíì mẹ́rin! Mo mọ àwọn tó máa ń da ìlàjì ìgò sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá ń wọ̀n ọ́n, ìgò kan lè tó o fún oṣù mélòó kan.

Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ nǹkan míì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Mo ń fọ tọ́ílẹ̀ẹ̀tì lọ́jọ́ kan, mo ti da oògùn ìfọtọ́ílẹ̀ẹ̀tì tó jẹ́ ásíìdì síbẹ̀, ìdọ̀tí ò lọ, mo bá da bílíìṣì lé e. Ìlẹ̀kùn wà ní títì. Láàárín ìṣẹ́jú kan ojú mi ń ta, ọ̀nà ọ̀fun mi ń gbóná bí iná, mo ń wúkọ́ mi ò lè mí. Mo jáde, mo jókòó sílẹ̀ níta. Ọjọ́ méjì gbáko ni àyà mi fi ń fún mi. Gáàsì chlorine ni mo fọwọ́ ara mi ṣe, gáàsì kan náà tí wọ́n fi pa àwọn sójà nínú Ogun Àgbáyé Kìíní. Fínígà náà lè fà á, torí ásíìdì lòun náà. Bílíìṣì àti nǹkan tó ní ammonia nínú, kẹ́míkà olóòórùn líle tó máa ń wà nínú àwọn oògùn ìfọgíláàsì kan, gáàsì burúkú míì ni. Kódà bílíìṣì àti ọtí spirit, kò dáa. Omi nìkan ni ọ̀rẹ́ bílíìṣì.

* * *

Àwọn tó ń bi mí nípa ọṣẹ "apakòkòrò" olówó gọbọi: lọ́dún 2016, FDA, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, ní kí wọ́n yọ èròjà 19 kúrò nínú irú àwọn ọṣẹ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń tà fún ará ilé, triclosan, èròjà apakòkòrò kan, wà lára wọn, torí àwọn tó ń ṣe é ò rí ẹ̀rí mú wá pé ó sàn ju ọṣẹ lásán àti omi lọ. Ẹ ra ọṣẹ lásán.

* * *

Ẹnì kan dá mi lóhùn pé "tó bá jẹ́ àdánidá, kò lè ṣe wá ní nǹkan." Rárá o, rárá. Ọ̀rọ̀ yìí ló ń dùn mí jù nínú gbogbo ẹ̀, torí òun ló ń jẹ́ káwọn ìyá gbé nǹkan sílẹ̀ níbi tọ́mọ lè mú un.

Borax, ìyẹn ẹ̀lọ́ funfun kan tí àwọn kan fi ń fọ nǹkan, inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wà á, àdánidá pọ́nbélé. Ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù kà á mọ́ ohun tó lè pa agbára ìbímọ lára. Òróró tí wọ́n ń fún látara igi tea tree, ara ewé ló ti wá, bẹ́ẹ̀ ó lè pa ológbò, torí ẹ̀dọ̀ ológbò ò ní agbára tí tiwa ní láti tú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ká. Ọmọ kékeré tó bá gbé òróró yẹn mu, ilé ìwòsàn ló kàn. Èéfín igi náà, àdánidá kọ́ ni?

Ìbéèrè tó yẹ ká máa bi ni pé báwo ló ṣe le tó, báwo ni mo ṣe máa lò ó tó, ta ló máa fọwọ́ kàn án.

* * *

Mo mẹ́nu ba èéfín, ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́ tán torí ọmọ tó ń wúkọ́ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi.

Àbúrò mi, ìwọ ò sọ ohun tó o fi ń dáná. Tó bá jẹ́ igi tàbí èédú, tó sì jẹ́ inú ilé lo ti ń dá a, gba ibẹ̀ yẹn bẹ̀rẹ̀ kó o tó ronú kan fínígà. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní èéfín inú ilé pa èèyàn bíi mílíọ̀nù 3.2 lọ́dún 2020, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 lára wọn ju 237,000 lọ. Tí agbára ò bá tíì gbé gáàsì tàbí iná mànàmáná, gbé ààrò jáde síta tàbí sábẹ́ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń gba kọjá, lo igi tó gbẹ dáadáa, dé ìkòkò lórí iná, má pọn ọmọ sẹ́yìn tó o bá ń dáná. Kò sí èyí tó nílò pé kó o lọ ra nǹkan nínú wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn, òórùn. Àwọn nǹkan tá a ń fín sínú ilé kó lè máa ta sánsán, àbẹ́là olóòórùn, tùràrí, òróró tí ẹ̀rọ ń tú sínú afẹ́fẹ́, gbogbo wọn ló ń kún ohun tí ẹ̀dọ̀fóró ọmọ ń fà símú. Èyí tó ń jó lára wọn ń tú ẹ̀rún tíntìntín sílẹ̀ bí èéfín ṣe ń ṣe. Tí ilé bá ń rùn, nǹkan kan ló ń rà níbì kan, ẹ wá a kàn. Nínú ilé mi, aṣọ ìnulẹ̀ tí mo ń ká jọ pẹ̀lú omi lára lẹ́yìn ìlẹ̀kùn ni, odindi oṣù kan ni mo fi fín nǹkan olóòórùn dídùn lé e lórí kí n tó mọ̀.

Àti òdòdó. Mo fẹ́ràn òdòdó, mo ní í, ojú mi ń dùn tí mo bá rí i. Ìdánwò kan tí NASA, àjọ tó ń rí sí òfuurufú ní Amẹ́ríkà, ṣe tó jáde lọ́dún 1989 ni gbogbo èèyàn ń tọ́ka sí, àmọ́ inú àpótí kékeré tí wọ́n dé pa ni wọ́n ti ṣe é. Lọ́dún 2019 àwọn onímọ̀ tún gbogbo ìdánwò bẹ́ẹ̀ yẹ̀ wò, wọ́n ní kí òdòdó tó lè fọ afẹ́fẹ́ bí afẹ́fẹ́ tó ń wọlé tó ń jáde lásán ṣe ń ṣe, ó máa tó 10 sí 1,000 òdòdó lórí mítà kan níbùú lóròó. Ibo lẹ máa wá sùn sí? Ẹ ṣí fèrèsé méjì tó dojú kọra, ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lálẹ́, tí eruku tàbí èéfín ò bá sí níta.

Eruku náà, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbé e dìde kó tún balẹ̀ síbòmíì. Aṣọ tútù ni kẹ́ ẹ fi nù ún. Tẹ́ ẹ bá sì rí dúdúdúdú tó ń hù lára ògiri, omi ló wá síbẹ̀ láti ibì kan, òrùlé ni o, páìpù ni o, tàbí aṣọ tútù tẹ́ ẹ̀ ń sá sínú yàrá. Ẹ lè fi ohunkóhun fọ̀ ọ́, tí omi yẹn bá ṣì ń wá, á tún hù.

* * *

Ọ̀rọ̀ aáyán àti ẹ̀fọn, wọ́n ní kí n má gbàgbé. Kíákíá: oògùn tí à ń fín, ìgbẹ̀yìn ló yẹ kó wà. Aáyán ń wá omi ju oúnjẹ lọ, ẹ gbẹ abẹ́ ibi ìfọbọ́ lálẹ́ kẹ́ ẹ tó sùn, ẹ dé pàǹtí, ẹ dí àwọn ihò ara ògiri. Tí wọ́n bá ṣì wà, oògùn tí wọ́n máa jẹ nínú kọ̀rọ̀ sàn ju èyí tá a fín sí gbogbo afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n níbi tọ́wọ́ ọmọ àti ẹran ọ̀sìn ò dé o.

Ẹ̀fọn, láti ẹyin dé ìgbà tó ń fò, ó lè má ju bí ọjọ́ 7 sí 10 lọ. Torí náà ẹ yan ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tẹ́ ẹ máa da gbogbo omi tó dúró nù: abẹ́ ìkòkò òdòdó, táyà, agolo, ife tí ẹnì kan gbàgbé síta. Kẹ́ ẹ sì fi kànrìnkànrìn ha inú ẹ̀, torí àwọn ẹ̀fọn kan máa ń lẹ ẹyin mọ́ ògiri ohun tó gbomi dúró.

* * *

Mo ti ń lọ jìnnà, ìbéèrè yẹn ni pé owó ń lọ. Ẹ jẹ́ ká wo ibi tówó ń gbà jáde nínú ilé ní tòótọ́, torí fínígà àti ọṣẹ kéré níbẹ̀. Iná, omi, oúnjẹ tó bà jẹ́, àwọn mẹ́ta yìí ni.

Gílóòbù àtijọ́ tó máa ń gbóná yẹn, ooru ló ń fi ọ̀pọ̀ iná ṣe. Gílóòbù LED tuntun ń lo iná tó fi ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí tiẹ̀, ó kéré tán, ó sì lè pẹ́ tó ìlọ́po 25. Ẹ má yọ gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó ń tàn pẹ́ jù lẹ kọ́kọ́ pààrọ̀, àwọn yòókù á dúró títí wọ́n á fi jó.

Ẹni tó bá ń lo ẹ̀rọ ìfọṣọ tó ń gbé omi gbóná, nǹkan bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún iná tó ń jẹ, omi gbígbóná ló ń lọ sí. Ẹ fi omi tútù fọ aṣọ, àyàfi ìlédìí tàbí aṣọ aláìsàn. Kẹ́ ẹ sì sá a sóòrùn. Ọṣẹ ẹlẹ́bú ńkọ́? Mo gé ìwọ̀n tí mò ń bù sí ìlàjì lọ́dún méjì sẹ́yìn láìsọ fẹ́nì kankan nílé, kò sẹ́ni tó mọ̀, aṣọ kàn ń rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ ni, omi tí mo fi ń ṣan án sì dín ní bọ́kẹ́ẹ̀tì kan. Ọṣẹ tó pọ̀ jù kì í jáde tán lára aṣọ, ara aṣọ yẹn ló ń wà, òun náà ló sì ń yún àwọn ọmọ mìíràn lára.

Ẹ̀rọ omi tó ń kán tó, tó, ẹ̀kán kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan: EPA, àjọ tó ń rí sí àyíká ní Amẹ́ríkà, ṣírò ẹ̀ pé ó lé ní lítà 11,000 lọ́dún. Rọ́bà kékeré kan ló máa ń jẹ nínú ẹ̀, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Tọ́ílẹ̀ẹ̀tì tó ń fọ́ọ̀ṣì náà máa ń jò láìsí ariwo. Ẹ kán àwọ̀ oúnjẹ díẹ̀ sínú tánkì ẹ̀yìn, ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìfọ́ọ̀ṣì, tí àwọ̀ bá yọ nínú àwo ìjókòó, ó ń jò nìyẹn.

Ẹnì kan ní ká fi bíríkì sínú tánkì yẹn kó lè máa gba omi tó kéré. Èrò yẹn dáa, bíríkì ni kò dáa, torí á máa yọ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rún ẹ̀ á lọ ba nǹkan inú tánkì jẹ́. Ìgò ike tẹ́ ẹ rọ omi kún tẹ́ ẹ dé pa ni kẹ́ ẹ gbé sí ẹ̀gbẹ́ kan. Tí tọ́ílẹ̀ẹ̀tì yín bá sì jẹ́ tuntun, tó jẹ́ lítà 6 péré ló ń lò, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ ò ní fẹ́ kó di pé ẹ̀ẹ̀mejì lẹ ń fọ́ọ̀ṣì.

Oúnjẹ ló wá ń dun èmi jù. Ìròyìn tí UNEP, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí àyíká, gbé jáde lọ́dún 2024 sọ pé oúnjẹ tó ṣòfò lágbàáyé lọ́dún 2022 tó tọ́ọ̀nù bílíọ̀nù 1.05, ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀ ló sì jẹ́ inú ilé ló ti ṣòfò, kì í ṣe ọjà, kì í ṣe ilé oúnjẹ, inú ilé bíi tèmi bíi tìrẹ. Tó bá wá dé ààtàn, tí ìdọ̀tí bò ó mọ́lẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ò dé ibẹ̀, á máa tú gáàsì methane jáde, èyí tó ń mú ayé gbóná tó bí ìlọ́po 28 carbon dioxide tá a bá wò ó fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Nínú gbogbo ohun tá a ti sọ látàárọ̀, kò sí èyí tó gba owó padà fún mi tó ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo inú fíríìjì kí n tó lọ sọ́jà. Mo fi abọ́ kan síwájú níbẹ̀, ohun tó bá fẹ́ bà jẹ́ mo kó o síbẹ̀, ibẹ̀ la ti ń kọ́kọ́ mú. Fíríìjì, 4°C tàbí kó tutù jù bẹ́ẹ̀. Fírísà, 18°C nísàlẹ̀ òdo.

Èèpo àti ewé tó ṣẹ́kù, ẹni tó bá ní ilẹ̀ díẹ̀ kó sọ ọ́ di ajílẹ̀. Tó bá ń rùn, ó tutù jù nìyẹn, ẹ da ewé gbígbẹ tàbí páálí tẹ́ ẹ ya wẹ́wẹ́ sí i, ẹ rò ó kí afẹ́fẹ́ wọ̀ ọ́. Ẹ má da ẹran síbẹ̀, eku ló ń pè.

* * *

"Báàgì aṣọ ńkọ́? Ṣé òun náà ò dáa?"

Ó dáa tó bá jẹ́ ọ̀kan, tó sì gbó mọ́ ẹ lọ́wọ́. Àjọ tó ń rí sí àyíká ní Denmark ṣe ìṣirò kan lọ́dún 2018, wọ́n ní báàgì òwú, wàá lò ó tó ìgbà 52 kó tó bá báàgì ọ̀rá dọ́gba tó bá jẹ́ ti ooru ayé nìkan là ń wò, tó bá jẹ́ gbogbo ìpalára ẹ̀ la kó pọ̀, omi tí wọ́n fi gbin òwú àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ó tó ìgbà 7,100. Ọ̀pọ̀ èèyàn jiyàn sí ìṣirò yẹn torí kò ka ọ̀rá tó ń wọnú òkun sí, mo sì rò pé wọ́n jàre níbẹ̀. Ohun tí mo mú nínú ẹ̀ ni pé mẹ́jọ ti pọ̀ jù. Àpò tó ti wà nílé tẹ́lẹ̀ ló sàn jù lọ, ìbáà jẹ́ ọ̀rá àná tó o fọ̀ tó o sá.

* * *

Ọ̀rọ̀ àtúnlò ìgò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ máa ń da bílíìṣì tàbí oògùn ìfọlẹ̀ tẹ́ ẹ rà lọ́pọ̀ sínú ìgò ohun mímu kẹ́ ẹ má bàa ra ìgò tuntun, ẹ jáwọ́ níbẹ̀ lónìí. Ọmọ aládùúgbò mi kan, kò tíì pé ọdún mẹ́ta, irú ìgò bẹ́ẹ̀ ló rí nílẹ̀ ilé ìdáná. Ó rò pé ohun mímu ni. Mo gbọ́ igbe ìyá ẹ̀ láti inú ilé tèmi. Ẹnu ọmọ náà bó, ó lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ ní ọsibítù, Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ìyá ẹ̀ ò fẹ́ fi nǹkan ṣòfò ni, ìyẹn nìkan ni ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀. Ohun ìfọlé kó wà nínú ìgò tí wọ́n tà á pẹ̀lú ìwé ara ẹ̀, ìgò ohun mímu ẹ fi gbin òdòdó. Tí ọmọ bá sì ti mu ún, ẹ má fipá mú un bì, torí bó ṣe jó o nígbà tó ń lọ náà ló máa jó o nígbà tó bá ń bọ̀. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, kẹ́ ẹ mú ìgò náà dání.

* * *

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti gbọ́ gbogbo ẹ̀. Kí n wá kó gbogbo ohun tí mo ti rà dànù?"

Rárá o! Èyí tó o bá dà nù ti di òfò lẹ́ẹ̀mejì. Lo ọṣẹ àdánidá yẹn tán, ọṣẹ ni, tó bá tán kó o ra ọṣẹ lásán. Fínígà àti bẹ́kìn sódà, gbé wọn sí kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, o ti mọ iṣẹ́ kálukú. Báàgì méjì fún ìwọ, méjì fún ọkọ ẹ, fi èyí tó kù ta àwọn ẹbí lọ́rẹ, wọn ò ní ra tiwọn mọ́ nìyẹn. Fi òdòdó sílẹ̀ kó máa dùn ún wò, ṣáà máa da omi abẹ́ ìkòkò ẹ̀ nù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yìí, nǹkan mẹ́ta péré ni kó o ṣe: ṣí fèrèsé láàárọ̀ àti lálẹ́, dá òróró àti gbogbo olóòórùn dúró nínú yàrá ọmọ, bu ìlàjì ọṣẹ sí aṣọ ẹ̀. Tí ikọ́ náà bá ṣì wà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, gbé ọmọ lọ rí dókítà, má dúró dè mí. Tó bá ń mí fùkẹ̀fùkẹ̀, tàbí àyà ẹ̀ ń wọlé tó bá ń mí, òní ni kó o gbé e lọ, kódà kó jẹ́ òru. Ti ọkọ ẹ, ẹ jọ kọ owó iná àti owó omi oṣù tó kọjá sórí ìwé, kẹ́ ẹ tún kọ ti oṣù tó ń bọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, òun fúnra ẹ̀ á rí i.

Àwọn ìgò òróró mẹ́rin yẹn, dé wọn le, kó o gbé wọn sókè pátápátá níbi tí ọmọ ò lè dé tó bá tiẹ̀ gun àga.